IRIN TÍ Ó SO RỌ̀ KÒ MỌ Ọ̀GÁ

Oṣooṣù ni ìwé yìí ń bá yín sọ̀rọ̀ owó: iye tí a fi pamọ́, iye tí a yá ara wa, ẹni tí ó san gbèsè rẹ̀ tán, àti ẹni tí àwọn onígbọ̀wọ́ rẹ̀ kò rí oorun sùn nítorí rẹ̀. Lóṣù yìí, ọ̀rọ̀ tí a mú wá kò jìnnà sí owó, ṣùgbọ́n orí la fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀, nítorí orí tí ó bá wà lọ́rùn la ń dé ní fìlà. Ọ̀rọ̀ irin tí ń já lu ènìyàn lẹ́nu iṣẹ́ ni.

Kò sí ẹni tí ó gba Kétu kọjá Máìlì 12 lọ sí Ìkòròdú tí kò mọ Owódé Onírin. Irin ni orúkọ wa, irin náà ni oúnjẹ wa. Ẹni tí ń wá ẹ́ńjìnnì tírélà, gíáàbọ́ọ̀sì, ásùlù, ẹ̀yà ara katapílà, tàbí irin àlòkù tí wọ́n yóò fi rọ nǹkan mìíràn, ọ̀dọ̀ wa ló ń bọ̀. A ń tú ọkọ̀ àtijọ́ palẹ̀, a sì ń fi èyí tí ó dára lára rẹ̀ tún òmíràn ṣe. Iṣẹ́ tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tí ń ṣe ẹ̀rọ ń fi kíréènì ṣe nínú gbọ̀ngàn olórùlé gíga, ṣéènì blọ́ọ̀kù, jáàkì, igi àti èjìká ọmọ iṣẹ́ ni àwa fi ń ṣe é nínú ìsọ̀. Ewu tí ó wà lọ́dọ̀ wọn ló wà lọ́dọ̀ wa, àfi pé tiwọn ní ẹni tí ń kọ ọ́ sínú ìwé, tiwa sì ń parí sí ẹnu àwọn tí ó rí i.

Ohun tí a fẹ́ sọ kò ju ẹyọ kan lọ: irin kì í ṣàdédé já. Ó ní ohun tí ń mú un já, ohun náà sì ṣeé mọ̀ kí ó tó ṣẹlẹ̀. Bí a bá mọ̀ ọ́n tí a kò ṣe nǹkan kan sí i, ọmọ ọlọ́mọ tí ó wà lábẹ́ irin ló ń san owó rẹ̀.

Ọ̀NÀ MẸ́RIN TÍ IRIN FI Ń JÁ

Bí ẹ bá fojú sí i dáadáa, ọ̀nà mẹ́rin ni nǹkan fi ń já lu ènìyàn láàárín wa.

Èkíní ni ohun tí ó so rọ̀. A fi ṣéènì fa ẹ́ńjìnnì yọ kúrò nínú ọkọ̀, ó wà lókè, ọmọ iṣẹ́ sì wọ abẹ́ rẹ̀ láti tú bóòtù kan tí ó ṣẹ́ kù, tàbí láti fi ọwọ́ darí rẹ̀ kí ó lè jókòó sí àyè rẹ̀. Ibẹ̀ ni ṣéènì ti ń já, tí ìkọ́ ń yọ, tàbí tí igi tí a so ó rọ̀ mọ́ ń kán.

Èkejì ni ohun tí a gbé sókè tí a sì fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Jáàkì nìkan ló wà lábẹ́ ọkọ̀, ènìyàn sì nà gbalaja sábẹ́ ọkọ̀ kan náà. Tàbí típà tí ó gbé ẹ̀yìn rẹ̀ sókè, tí mẹkáníìkì sì ki orí bọ abẹ́ ẹ̀yìn náà láti wo páìpù ọ́ìlì. Ọ́ìlì inú páìpù yẹn gan-an ló gbé ẹ̀yìn ọkọ̀ dúró. Bí páìpù bá bẹ́, tàbí tí ẹnìkan nínú ọkọ̀ bá fọwọ́ kan ohun tí kò yẹ, ẹ̀yìn ọkọ̀ á wálẹ̀ wìì, orí mẹkáníìkì á sì wà láàárín irin méjì.

Ẹ̀kẹta ni ohun tí a tò jọ. Ásùlù lórí ásùlù, páìpù lórí páìpù, irin pẹlẹbẹ tí a fi ti ògiri. Oníbàárà dé, ó ní èyí tí ó wà nísàlẹ̀ pátápátá lòun fẹ́. Nítorí kí oníbàárà má baà lọ sí ìsọ̀ kejì, ọmọ iṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í fa tìsàlẹ̀ yọ. Àwọn baba wa ti bá wa sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé bí igi bá wó lu igi, tòkè rẹ̀ là á kọ́kọ́ gbé. Wọ́n ti mọ̀ pé ẹni tí ó bá fa tìsàlẹ̀, tòkè ni yóò kí i.

Ẹ̀kẹrin ni ohun tí ó bọ́ lọ́wọ́, tàbí tí ó yí kúrò lórí ọkọ̀. Sípánà bọ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó wà lórí katapílà. Òòlù yọ kúrò lára igi rẹ̀. Ọkọ̀ ẹlẹ́rù dé, wọ́n tú okùn, gíáàbọ́ọ̀sì sì yí wálẹ̀. Ẹrù tí ó ti rìn lójú títì kì í wà bí wọ́n ṣe tò ó. Ó ti sún, ó ti fẹ̀gbẹ́ kan ti okùn, okùn yẹn nìkan ló sì dì í mú. Ẹni tí ó dúró sí ẹ̀gbẹ́ tí ẹrù fì sí nígbà tí a ń tú okùn, ó dúró sí ẹnu ewu.

Ẹ má sì rò pé ọmọ iṣẹ́ nìkan ló kàn. Alábàárù tí ń kọjá wà níbẹ̀. Ìyá olóúnjẹ tí ó gbé abọ́ wọ inú ìsọ̀ wà níbẹ̀. Oníbàárà tí ó na ọrùn wo ọjà tí ó fẹ́ rà wà níbẹ̀. Nígbà mìíràn, ọmọdé tí ìyá rẹ̀ tẹ́ sí ibòji irin pẹlẹbẹ, tí oorun ti gbé lọ, ńkọ́?

Ẹ JẸ́ KÁ WỌ̀N ỌN

Ẹ́ńjìnnì tírélà ńlá kan a máa tó 1,000 kg. Àpò sìmẹ́ǹtì kan jẹ́ 50 kg. Èyí túmọ̀ sí pé nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá so rọ̀ lókè orí ọmọ iṣẹ́, ogún àpò sìmẹ́ǹtì ló so rọ̀ síbẹ̀. Ta ni nínú wa tí ó lè fi ọwọ́ méjèèjì gbé ogún àpò sìmẹ́ǹtì dúró? Síbẹ̀, nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń yọ̀, ọwọ́ la máa ń nà sí i, bí ẹni pé ọmọ jòjòló ni.

Bí ó ṣe ń yá tó náà wà ńbẹ̀. Ohun tí ó bá já láti ibi tí ó ga tó mítà 5, ìṣẹ́jú-àáyá kan péré ni yóò fi dé ilẹ̀, eré rẹ̀ nígbà tí ó bá balẹ̀ á sì tó ti ọkọ̀ tí ń sá kìlómítà 36 ní wákàtí kan. Èyí tí ó bá já láti bíi mítà 1.25, tí kò ga ju àyà ènìyàn lọ, ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá ni tirẹ̀. Kí ẹni òkè tó pariwo "Ẹ yàgò o!", kí etí ẹni ìsàlẹ̀ tó gbọ́, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó gbọ́ràn, irin ti dé.

Ìdí nìyí tí a fi ní irin tí ó so rọ̀ kò mọ ọ̀gá. Ẹni tí ó ti ṣe iṣẹ́ yìí fún ọgbọ̀n ọdún àti ẹni tí ó dé láàárọ̀ àná, ìṣẹ́jú-àáyá kan náà ni wọ́n ní. Ìmọ̀ iṣẹ́ kò lè mú ènìyàn sáré ju ohun tí ń já lọ. Ibì kan ṣoṣo tí ìmọ̀ ti wúlò ni kí a má ṣe sí ní abẹ́ rẹ̀ rárá.

ṢÉ ÒGÚN NI, TÀBÍ AYÉ?

Bí ó bá ṣẹlẹ̀, ẹ̀yin náà mọ ohun tí a máa ń gbọ́. Ẹnìkan á ní Ògún ló bínú. Ẹlòmíràn á ní ọwọ́ ayé ni, wọn ò fẹ́ kí ọmọ yẹn gba fìrídọ̀ọ̀mù. Ẹ̀kẹta á ní àmúwá Ọlọ́run ni. A kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìgbàgbọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a tó pe ayé lẹ́jọ́, ẹ bá wa mú ṣéènì náà wá, kí a wò ó.

Lákọ̀ọ́kọ́, ṣéènì wo ni? Púpọ̀ nínú ohun tí a fi ń gbé irin ní ọjà irin àlòkù, àlòkù ni òun náà. Ẹ wo ojú ṣéènì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ó ti gùn ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, ó ti nà, ohun tí ó bá sì ti nà ti bẹ̀rẹ̀ sí í já. Èyí tí ó ti jẹ tínrín níbi tí ó ti ń fẹnu kan èkejì, agbára rẹ̀ ti dín. Èyí tí wọ́n fi wẹ́dà jó pọ̀ lẹ́yìn tí ó já nígbà kan, ẹ má fi gbé ẹ̀mí ènìyàn. Ẹ wo ìkọ́ pẹ̀lú. Bí ẹnu rẹ̀ bá ti là ju bí ó ṣe wà nígbà tí ó jẹ́ tuntun, ẹrù tí ó ju agbára rẹ̀ lọ ló là á. Ahọ́n kékeré tí ó máa ń bo ẹnu ìkọ́ kí okùn má baà yọ, ṣé ó ṣì wà, àbí a ti yọ ọ́ sọnù nítorí pé ó ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn?

Lẹ́yìn èyí, báwo la ṣe so ó? Ọ̀pọ̀ kò mọ ibí yìí, bẹ́ẹ̀ ó ń pa ènìyàn. Bí okùn méjì bá lọ sókè tààrà láti gbé ẹ́ńjìnnì 1,000 kg, ọ̀kọ̀ọ̀kan gbé 500 kg. Ṣùgbọ́n bí okùn méjèèjì bá ti orí ìkọ́ kan ṣoṣo ya sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ bí ẹsẹ̀ ẹni tí ó ya ẹsẹ̀ dúró, ẹrù ọ̀kọ̀ọ̀kan ń pọ̀ sí i. Bí wọ́n bá yà tó igun yàrá, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń fa bíi 700 kg. Bí wọ́n bá ya gbàgàdà jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ó di ìdá mẹ́ta òbìrípo, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń fa odindi 1,000 kg, gẹ́gẹ́ bí ẹni pé okùn kejì kò sí. Ẹni tí ó so ó á máa sọ pé "okùn méjì ni mo lò," kò sì mọ̀ pé okùn méjì òun ti di ẹyọ kan. Òdiwọ̀n tí kò ní ìṣírò nínú nìyí: àyè tí ó wà láàárín ibi méjèèjì tí okùn ti di ẹrù mú kò gbọdọ̀ gùn ju okùn kan lọ, láti ìkọ́ dé ara ẹrù. Bí ó bá gùn jù bẹ́ẹ̀, ẹ wá okùn tí ó gùn sí i.

Ẹ má sì já ẹrù gbà lójijì. Ṣéènì tí ó dẹ̀, tí ẹrù wá fà á le lẹ́ẹ̀kan náà, ohun tí ó fara gbà ju ìwọ̀n ẹrù náà lọ fíìfíì.

Ẹ jẹ́ ká sọ ti jáàkì náà. Jáàkì wà fún gbígbé, kò wà fún dídúró. Jáàkì olọ́ìlì ní rọ́bà kékeré kan nínú tí ó dì í mú, rọ́bà yẹn sì lè gbó lọ́jọ́ tí ẹnikẹ́ni kò retí. Gbàrà tí jáàkì bá ti gbé ọkọ̀ dé ibi tí a fẹ́, kí a fi sítáǹdì irin tàbí igi líle tí a tò bí àgbélébùú sábẹ́ rẹ̀, kí ọkọ̀ jókòó lé e kí ènìyàn tó wọlé. Kí a má lo búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ǹtì, nítorí ó lè fọ́ lẹ́ẹ̀kan náà láìsí ìkìlọ̀. Típà náà, kí a fi irin tàbí igi ńlá ti ẹ̀yìn rẹ̀ kí orí tó wọ abẹ́ rẹ̀.

Ilẹ̀ wa pàápàá ní tirẹ̀ láti sọ. Odò Ògùn kò jìnnà sí wa, a sì mọ ohun tí omi máa ń ṣe ní àgbègbè wa ní àsìkò òjò. Ilẹ̀ tí ó le bí òkúta ní oṣù kejì, ẹ̀rọ̀fọ̀ ni ní oṣù kẹwàá. Jáàkì tí a gbé lé ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ yóò rì, yóò fẹ̀gbẹ́, ọkọ̀ yóò sì yọ̀ lórí rẹ̀. Irin pẹlẹbẹ tí ó fẹ̀ ni kí a kọ́kọ́ tẹ́ sílẹ̀.

Ẹ̀yin náà ẹ rí i. Nínú gbogbo ohun tí a kà yìí, èwo ni ayé ṣe?

KÌ Í ṢE ỌJÀ WA NÌKAN

Ìlú Èkó kò tíì gbàgbé ọ̀rọ̀ Ojúẹlẹ́gba. Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹsàn-án ọdún 2015, kọ̀ǹtéénà já láti orí bíríìjì Ojúẹlẹ́gba lu àwọn ọkọ̀ tí ó wà nísàlẹ̀, ènìyàn 3 sì kú. Ní ọjọ́ 29 oṣù kìíní ọdún 2023, kọ̀ǹtéénà tún já lu bọ́ọ̀sì akérò níbẹ̀, ènìyàn 9 ló bá a lọ. Àwọn tí ó kú kò gbé ẹrù, wọn kò sì ta irin. Wọ́n kàn wà nísàlẹ̀ ni. Kọ̀ǹtéénà ní ihò ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ìdí rẹ̀ tí a fi ń tì í mọ́ ọkọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń gba ẹrù láti Àpápá, ṣé ẹ máa ń béèrè bóyá wọ́n ti ìgun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí ọkọ̀ tó gbéra, àbí iye tí wọn yóò gbà nìkan lẹ ń bá awakọ̀ sọ?

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan wá láti òkè òkun, nítorí pé ó bá àwa tí kò ní ilé-iṣẹ́ ńlá mu. Nígbà tí wọ́n ń kọ́ ìdídò ńlá tí wọ́n ń pè ní Hoover Dam ní Amẹ́ríkà láàárín ọdún 1931 sí 1935, òkúta a máa já láti ara òkè lu àwọn òṣìṣẹ́. Àwọn òṣìṣẹ́ kan kò dúró de ọ̀gá. Wọ́n mú fìlà aṣọ tiwọn, wọ́n rì í bọ ọ̀dà dúdú, wọ́n sá a gbẹ, ó sì le gbagidi. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ rí i pé ó ń gba orí là, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ra akoto líle fún wọn. Ní San Francisco, níbi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ afárá Golden Gate ní 1933, akoto di dandan fún gbogbo ẹni tí ó bá wọ ẹnu iṣẹ́, wọ́n sì ta àwọ̀n ńlá sí abẹ́ afárá náà. Ènìyàn 19 ni àwọ̀n yẹn gbà là.

Ṣùgbọ́n kí a má tan ara wa: akoto wà fún sípánà àti bóòtù tí ó bọ́. Kò sí akoto tí yóò gba ẹ́ńjìnnì 1,000 kg dúró. Fún ìyẹn, yíyẹra nìkan ni oògùn.

OHUN TÍ ÒFIN WÍ

Ọ̀pọ̀ nínú wa gbà pé òfin iṣẹ́ wà fún àwọn oníṣẹ́ ìjọba nìkan. Kò rí bẹ́ẹ̀. Láti ọdún 1941 ni òfin owó gbà-má-bínú fún òṣìṣẹ́ tí ó fara pa ti wà ní Nàìjíríà. Èyí tí à ń lò báyìí ni ti ọdún 2010, àjọ tí ń jẹ́ NSITF ló sì ń bójú tó o. Ẹni tí ó gba ènìyàn síṣẹ́ yóò máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó iṣẹ́ tí ó ń san lóṣù sínú àpò àjọ náà. Bí gbogbo owó iṣẹ́ tí ẹ ń san lóṣù bá jẹ́ ₦200,000, ₦2,000 ni tiyín. Bí ìpalára bá wá ṣẹlẹ̀, àpò yẹn ni a ó ti tọ́jú ẹni náà. Bí ó bá kú, aya àti ọmọ rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ níbẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fetí sí èyí: òfin náà dárúkọ ẹni tí ń kọ́ṣẹ́. Ọmọ iṣẹ́ yín wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n iye tí ẹnìkan ń gbà ni a fi ń ṣírò ohun tí yóò tọ́ sí i, nítorí náà ẹni tí kò sí ìwé kankan láàárín òun àti ọ̀gá rẹ̀, ọ̀nà rẹ̀ á nira. Ẹ kọ àdéhùn sílẹ̀. Ẹ kọ owó oúnjẹ àti owó ọkọ̀ tí ẹ ń fún un sínú rẹ̀.

Ọjọ́ náà ní iye. Kí ẹni tí ó fara pa, tàbí àwọn ẹbí rẹ̀ bí ó bá kú, sọ fún ọ̀gá láàárín ọjọ́ 14. Kí ọ̀gá fi tó àjọ náà létí láàárín ọjọ́ 7. Kí wọ́n béèrè owó náà kí ọdún kan tó pé.

Òfin ilé-iṣẹ́ náà wà, ti ọdún 1987. Ó ní ṣéènì, okùn àti ìkọ́ tí a fi ń gbé ẹrù, kí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n yẹ̀ ẹ́ wò ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà, kí a sì mọ iye ẹrù tí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè gbé. Bí ìsọ̀ ẹlòmíràn nínú wa bá tilẹ̀ kéré sí ohun tí òfin yẹn ń pè ní ilé-iṣẹ́, ọgbọ́n tí ó wà nínú rẹ̀ kò kéré.

BÍ Ó BÁ TI ṢẸLẸ̀

Bí irin bá wà lára ènìyàn, ẹ má fa ènìyàn náà yọ. Irin ni kí ẹ gbé, kí ẹ sì fi nǹkan tì í bí ó ṣe ń lọ sókè kí ó má baà padà wálẹ̀. Bí ó bá jẹ́ orí, ọrùn tàbí ẹ̀yìn ni ó ti fara pa, ẹ jẹ́ kí ó wà bí ó ṣe wà, kí ẹnìkan fi ọwọ́ méjèèjì di orí rẹ̀ mú kí ọrùn má yí. Ẹ má gbé e jókòó, ẹ má fún un lómi. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń jáde, ẹ fi aṣọ tí ó mọ́ tẹ ojú ọgbẹ́ mọ́lẹ̀ gbọnyin, kí ẹ má sì ṣí i wò lemọ́lemọ́. Gírísì, epo ọkọ̀, iyanrìn, kò sí èyí tí ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró nínú wọn. Nọ́ńbà ìpè pàjáwìrì ní Èkó ni 767 tàbí 112.

Ilé ìwòsàn egungun ti Ìgbóbì, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1945 fún àwọn sójà tí ó fara gbọgbẹ́ nínú Ogun Àgbáyé Kejì, ojú ọ̀nà Ìkòròdú kan náà ló wà. Bí ilé ìwòsàn kan bá sì ní àfi kí ẹ kọ́kọ́ san owó kí àwọn tó fọwọ́ kan ẹni tí ẹ̀mí rẹ̀ ń bọ́, ẹ sọ fún wọn pé òfin ìlera ti ọdún 2014 kà á léèwọ̀.

A mọ̀ pé ọ̀pọ̀ wa fọkàn tán àwọn tí ń to egungun nílé. A kò bú wọn. Ṣùgbọ́n bí egungun bá yọ síta, tàbí tí ọgbẹ́ bá wà lójú ibi tí ó ti kán, ilé ìwòsàn ni kí a kọ́kọ́ lọ. Bí wọ́n bá sì ti fi igi di ẹsẹ̀ tí ìka wá tutù, tí ó dúdú, tí kò mọ nǹkan mọ́ lára, ìdè náà ti le jù, ẹ̀jẹ̀ kò dé ibẹ̀ mọ́. Kí a tú u lójú ẹsẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ ẹsẹ̀ tí wọ́n gé, irin kọ́ ló pa á, ìdè ni.

KÍ LÓ KAN ẸGBẸ́ ALÁJẸṢẸ́KÙ?

Ẹlòmíràn á ní, "Àwa ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀ tipẹ́, kò ṣe wá." Òótọ́ ni. Ṣéènì tí ó nà kì í já lọ́jọ́ tí ó nà. Ó lè gbé ogún ẹ́ńjìnnì lẹ́yìn ìyẹn. Ẹ̀kọkànlélógún ló ń sọ̀rọ̀.

Ẹlòmíràn á ní, "Ṣéènì tuntun wọ́n." Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ bí ọlọ́jà. Ọ̀gá tí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ fara pa, òun ni yóò sanwó ilé ìwòsàn. Àwọn ẹbí yóò dé láti ìlú. Ìsọ̀ yóò tì, oníbàárà yóò gba ibòmíràn. Bí ọ̀gá náà bá jẹ gbèsè ẹgbẹ́, ta ni yóò san án? Àwọn onígbọ̀wọ́ rẹ̀ ni, èyíinì ni èmi àti ìwọ. A máa ń yá ènìyàn lówó láti ra ẹ́ńjìnnì, a kì í béèrè ohun tí yóò fi gbé e kalẹ̀. Bí ó bá já, owó gbogbo wa ló wà lábẹ́ rẹ̀, kí a tó sọ ti ẹ̀mí tí kò ní iye.

Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí. Ohun tí ó wọ́n fún ẹnìkan kò wọ́n fún ọgọ́ta ènìyàn. Nítorí náà, àwa ìgbìmọ̀ ń gbé ọ̀rọ̀ mẹ́rin wá sí ìpàdé gbogbogbò tí ń bọ̀, kí ẹ wá dá sí i:

1. Kí ẹgbẹ́ ra ṣéènì blọ́ọ̀kù tuntun méjì tí wọ́n kọ iye ẹrù tí ó lè gbé sí lára, pẹ̀lú sítáǹdì irin. Ẹni tí ó bá fẹ́ lò ó yóò san owó kékeré sọ́dọ̀ akápò, owó náà yóò sì wà fún àtúnṣe rẹ̀.

2. Kí a pe ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà láti yẹ ṣéènì gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ wò. Èyí tí ó bá dára, kí a fi ọ̀dà kun ìdí rẹ̀, kí a sì yí àwọ̀ ọ̀dà náà padà nígbà mìíràn, kí ojú lè mọ èyí tí a kò tíì yẹ̀ wò. Èyí tí kò bá dára, kí a gé e sí wẹ́wẹ́, kí a wọ̀n ọn tà bí irin àlòkù, kí ẹlòmíràn má baà tún rà á.

3. Kí akọ̀wé kọ orúkọ gbogbo ọmọ iṣẹ́ wa sínú ìwé, kí a lè jọ lọ bá àjọ NSITF pọ̀. Ẹni kan tí ó lọ, wọ́n lè ní kó lọ kó bọ̀. Ọgọ́ta ènìyàn kò ṣeé dá padà bẹ́ẹ̀.

4. Kí ẹni tí ó bá fẹ́ yá owó ra ọjà wúwo sọ fún ìgbìmọ̀ ohun tí yóò fi gbé e àti ibi tí yóò tò ó sí.

Ṣùgbọ́n èyí tí kò gbà wá ní kọ́bọ̀, kí a má dúró de ìpàdé fún un. Láti ọ̀la lọ, kí ẹnìkan ṣoṣo máa pàṣẹ nígbà tí a bá ń gbé ẹrù, kí gbogbo ènìyàn sì máa gbọ́ ohùn rẹ̀ nìkan. Kí a lé oníbàárà, olóúnjẹ àti ọmọdé kúrò nítòsí. Kí a fi okùn gígùn darí ẹrù láti ẹ̀gbẹ́, kí ọwọ́ má kàn án. Kí a sì gba ọmọ iṣẹ́ láàyè láti sọ pé, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀wọ́, mi ò lè wọ abẹ́ eléyìí," láìsí pé a gbá a létí tàbí pé a pè é ní ojo. Ọmọ tí ó rí i pé ìkọ́ ti là, tí ó sì dákẹ́ nítorí ìbẹ̀rù wa, àwa la pa á lẹ́nu mọ́.

Ẹni tí ó bá ń bọ̀ ní ìpàdé, kí ó mú orúkọ àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ dání, kí ó sì mú ṣéènì rẹ̀ wá pẹ̀lú. Ìta gbangba la ó ti tò wọ́n sílẹ̀, kí olúkúlùkù fi ojú ara rẹ̀ wo ohun tí ó ń gbé kọ́ orí ọmọ ọlọ́mọ.